Ẹ́ńjìnnì Mọ́tò Gòkè Òfurufú ní Brodhead

Àgbàdo ni èèyàn ń kọ́kọ́ rí ní Brodhead kó tó rí ọkọ̀ òfurufú kankan. Ọ̀nà tóóró tí mo gbà láti Chicago wọ ìhà gúúsù ìpínlẹ̀ Wisconsin gba àárín oko kọjá, àgbàdo lọ́tùn-ún, ẹ̀wà sóyà lósì. Oṣù Keje ti kọjá ìdajì, àgbàdo náà sì ti ga ju orí mi lọ. Bí mo ṣe kọjá oko kan báyìí ni mo rí orúlé páànù bíi mélòó kan, mo sì rí òpó tí wọ́n so àpò aṣọ aláwọ̀ ọsàn mọ́ lórí, kó lè máa fi ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí hàn. Mo yà. Kò sí ilé gogoro tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀. Kò sí ọ̀dà. Orí koríko ni ọkọ̀ ń sá lé kó tó gbéra, orí koríko náà ló ń balẹ̀ sí. Wọn kò tíì pẹ́ tí wọ́n gé e, òórùn rẹ̀ ṣì tutù, ó dà pọ̀ mọ́ òórùn kọfí àti ti bẹntiróò, ìrì sì ti rin bàtà mi gbingbin kí n tó dé ìdí ọkọ̀ àkọ́kọ́.

Lọ́dọọdún, nígbà tó bá ku díẹ̀ kí ìpàdé ńlá àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ òfurufú bẹ̀rẹ̀ ní Oshkosh, ìlú kan ní àríwá Brodhead nínú ìpínlẹ̀ kan náà, àwọn tó ní irú ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Pietenpol Air Camper máa ń pàdé síhìn-ín. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ló ń balẹ̀ sí Oshkosh láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èrò ibẹ̀ kò sì lóǹkà. Brodhead kò rí bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín, èèyàn lè dúró ti ẹ́ńjìnnì, kó fọwọ́ kàn án, kó bi ẹni tó ni ín ní ohunkóhun tó bá wù ú, ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún un pé kó sún sẹ́yìn. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Mo fẹ́ fojú ara mi rí bí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún mọ́tò ṣe ń gbé èèyàn lọ sókè, tó sì ń gbé e padà wá sílẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ náà tò lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n kọ imú sí oòrùn. Igi ni egungun wọn, aṣọ ni awọ wọn. Apá kan ṣoṣo ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 29 láti ìkángun kan dé èkejì, wọ́n fi ọ̀pá gbé e ga kúrò lára ọkọ̀, ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀ sì máa wà lábẹ́ rẹ̀. Ìjókòó jẹ́ méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kò sí gíláàsì tó bo èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ̀yìn ni awakọ̀ ń jókòó sí. Mo fi ìka kan aṣọ apá ọ̀kan. Ó le, ó dún lábẹ́ èékánná mi.

Bàbá kan tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún ló ni ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ dúró tì, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí létí. Wọ́n ń fi àkísà nu òróró nídìí ẹ́ńjìnnì. Wọn kò béèrè ẹni tí mo jẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Bí wọ́n ṣe rí i pé mo ń wo inú ibẹ̀ ni wọ́n sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè ríran.

Ẹ́ńjìnnì Ford Model A ni. Láàárín 1927 sí 1931, ilé iṣẹ́ Ford ṣe mọ́tò yẹn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù márùn-ún, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi wà káàkiri nínú abà àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà títí dòní. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, ó tóbi tó lítà 3.3, agbára ẹṣin 40 ló sì ń mú jáde nígbà tó bá ń yí ní ìgbà 2,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò kékeré òde òní, tí kò tó ìdajì rẹ̀ ní títóbi, ń mú ju ìlọ́po méjì agbára yẹn jáde. Ṣùgbọ́n bàbá fi ọwọ́ gbá irin dúdú náà, wọ́n ní kí n má fi agbára nìkan wọ̀n ọ́n, kí n wo bó ṣe ń rọra yí.

Wọ́n ti kọ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì náà síwájú. Ibi tí fuláíwíìlì àti kílọ́ọ̀ṣì ń wà nínú mọ́tò, ibẹ̀ ni wọ́n de pùròpẹ́là onígi mọ́. Wọ́n ti yọ dísíríbútọ̀ tó ń pín iná, wọ́n fi mágínẹ́tò sípò rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń dá iná ṣe fúnra rẹ̀ bó bá ṣe ń yí, tí kò nílò bátìrì. Wọ́n yọ kíkísítátà. Wọ́n yọ jẹnẹrétọ̀. Ohunkóhun tí kò bá níṣẹ́ tó ń ṣe lókè, ilẹ̀ ló ń gbé. Rédíétọ̀ nìkan ni wọn kò lè yọ, nítorí omi ló ń tu ẹ́ńjìnnì yìí lára, wọ́n sì gbé e nàró sórí ẹ́ńjìnnì, síwájú ojú ẹni tó bá jókòó síwájú gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀nà gbọ́dọ̀ yọ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ tò ó báyìí ni Bernard Pietenpol, mẹkáníìkì kan ní abúlé Cherry Grove ní Minnesota, ìpínlẹ̀ tó múlé gbe Wisconsin. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ọkọ̀ òfurufú. Ọwọ́ àwọn ará abúlé kò lè tó ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú nígbà náà, ti Ford sì wà nílẹ̀. Ní 1929 ló gbé ẹ́ńjìnnì Model A fò. Olóòtú ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan, Weston Farmer, kò gbà pé ẹ́ńjìnnì mọ́tò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Pietenpol kò bá a jiyàn. Ní 1930, ọkọ̀ méjì gbéra láti Cherry Grove, ẹ́ńjìnnì Ford ló wà nímú àwọn méjèèjì, wọ́n sì fi wọ́n fò lọ bá ọkùnrin náà nítòsí Minneapolis. Farmer tẹ àwòrán bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ náà jáde fún gbogbo ayé. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbẹ̀, olùkọ́, káfíńtà àti mẹkáníìkì ti ń kan Air Camper nínú gáréèjì ilé wọn.

Mo bi bàbá pé kí ló dé, nígbà náà, tí gbogbo ayé kò fi máa lo ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n máa bọ̀.

Wọ́n mú mi gba ẹ̀yìn ọkọ̀ mẹ́ta kọjá lọ sábẹ́ orúlé páànù kan tí kò ní ògiri. Ooru ti ń mú nígbà yẹn. Eṣinṣin ń kùn lórí ike kọfí, ọkùnrin bíi mẹ́wàá sì yí tábìlì pẹlẹbẹ kan ká, ọwọ́ wọn dúdú fún òróró. Kíránkì, irin inú ẹ́ńjìnnì tó ń yí pùròpẹ́là, ló wà lórí tábìlì náà, ó ti ṣẹ́ sí méjì. Wọ́n ń gbé e yípo láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nígbà tó kàn mí, ìwúwo rẹ̀ yà mí lẹ́nu. Mo wo ojú ibi tó ti ṣẹ́. Apá kan níbẹ̀ dán, ó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀, tí ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Apá kejì rí ṣágiṣàgi, ó ń dán wínníwínní bí mo ṣe yí i sí ìmọ́lẹ̀. Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ìka tọ ìlà wọ̀nyẹn. Ó ní ibi tó dán ni irin náà ti ń sán díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ibi tó rí ṣágiṣàgi ni èyí tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ìwọ̀nba irin tó kù kò lè gbé e mọ́.

Inú ẹ́ńjìnnì Corvair ni wọ́n ti yọ ọ́. Chevrolet ló ṣe mọ́tò Corvair láti 1960 sí 1969. Sílíńdà mẹ́fà ló ní, mẹ́ta kọjú sí mẹ́ta, afẹ́fẹ́ ló ń tu ú lára, kò ní rédíétọ̀ rárá. Pietenpol fúnra rẹ̀ rí i pé ó dára, ó sì ti gbé e sínú Air Camper láti 1960. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lórí pápá ní ọjọ́ náà ló ń lò ó. Ó ń fa pùròpẹ́là tààrà láìní gíà, ó ń mú agbára ẹṣin 100 tàbí kó dín díẹ̀ jáde. Nígbà tí àwọn èèyàn gbé e sínú ọkọ̀ tó ń sáré ju Pietenpol lọ ni kíránkì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́.

Ìdí rẹ̀ ni ọkùnrin yẹn fi ọwọ́ ṣe fún mi. Ó mú igi pùròpẹ́là kékeré kan, ó ní kí n di àárín rẹ̀ mú, kí n jẹ́ kó máa yí, kí n sì yí ara mi sápá òsì lójijì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Igi náà kọ̀ fún mi, ó tẹ ọrùn ọwọ́ mi wá sílẹ̀. Ó ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹnu kíránkì nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá gbé imú sókè tàbí tó yà. Nínú mọ́tò, yíyí ni iṣẹ́ kíránkì, kò sí pùròpẹ́là tó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu. Lókè, wọ́n ń yí i, wọ́n sì tún ń tẹ̀ ẹ́.

Ó tún kù. Mọ́tò tó ń lọ jẹ́jẹ́ lójú títì kì í lo ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ. Awakọ̀ á tẹ iná, á gbé ẹsẹ̀, á dúró síbi iná aláwọ̀ pupa, á tún gbéra. Ọkọ̀ òfurufú ń lo gbogbo agbára tó ní láti gbéra, lẹ́yìn náà ló máa wá lo bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ fún wákàtí kan, wákàtí méjì, láìsinmi. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò ni alábàárù tó ń sọ ẹrù kalẹ̀ ní gbogbo ìkóríta. Ti ọkọ̀ òfurufú kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi dé ilé oníbàárà.

Ohun tí wọ́n ṣe sí kíránkì Corvair nìyí. Wọ́n ń fi ooru àti gáàsì mú awọ irin rẹ̀ le kí sísán má bàa rí ojú wọlé. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń fi bíárínì karùn-ún kún un níwájú, lẹ́nu ibi tí pùròpẹ́là wà, kó lè máa gba títẹ̀ náà sára. Èyí tí ó wù mí jù ni pé kò sí ẹni tó fi kíránkì tó ṣẹ́ pamọ́. Ẹni tí tirẹ̀ ṣẹ́ gbé e wá, ó sọ wákàtí tó ti fò, ó sọ irú pùròpẹ́là tó lò, ó sọ bí ọkọ̀ ṣe gbọ̀n kó tó dákẹ́, ó sì sọ oko tó balẹ̀ sí. Àwọn yòókù kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi kálípà wọn ojú ibi tó ṣẹ́, tó sì ń kọ òǹkà sínú ìwé pélébé.

Níbi tábìlì yẹn ni mo ti ronú kan ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Kano tí ìròyìn rẹ̀ kárí ayé ní 2007. Ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó Honda Civic ló gbé sínú hẹlikópítà tó fi àlòkù irin àti páànù kàn, ìròyìn sì sọ pé ó gbéra kúrò nílẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà bíi mélòó kan. Ọwọ́ ọmọ náà kò kúrú. Ní Ládípọ̀ ní Mushin, èèyàn á rí ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ tí wọ́n tò jọ láti ilẹ̀ dé àjà, á sì rí ọmọkùnrin tó lè tú ọ̀kan sílẹ̀ kó tún un tò kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Tábìlì yìí ni èmi kò tíì rí níbẹ̀: ibi tí àgbà àti ọmọdé ti lè gbé èyí tó bàjẹ́ kalẹ̀ láìsí ìtìjú, tí aláṣẹ ìjọba sì wà nítòsí láti yẹ̀ ẹ́ wò, tí kò wá láti fòfin dè é. Ó dùn mí, n kò ní fi pamọ́.

Ìdí ọkọ̀ kékeré kan tí kì í ṣe Pietenpol ni mo tún yà sí. Àlejò ni, ìjókòó kan ṣoṣo ló ní, mo sì mọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Volkswagen ni, ti Ìjàpá, mọ́tò tí wọ́n tò ní Èkó láti 1975 nínú ilé iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Badagry. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, méjì kọjú sí méjì, afẹ́fẹ́ ló ń tu ú lára, ó fúyẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì tí àwọn ará Faransé ti ń gbé e sínú ọkọ̀ kéékèèké bíi Jodel D.9 àti Turbulent, Jámánì sì ń ta ti Limbach tí wọ́n tún ṣe látara rẹ̀. Ní Oshkosh fúnra rẹ̀, ilé iṣẹ́ Sonex ti ta ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní AeroVee: pààtì nínú páálí, ẹni tó rà á ni yóò tò ó. Agbára ẹṣin 80 ni.

Pùròpẹ́là rẹ̀ kúrú. Mo fi ti bàbá wé e. Ti bàbá gùn tó ínṣì 76. Bó bá ń yí ní ìgbà 2,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣóńṣó rẹ̀ ń sá mítà 200 ó lé díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìró, bó bá ń rin afẹ́fẹ́, ń sá nǹkan bí mítà 340. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò òde òní kì í mú agbára rẹ̀ jáde dáadáa títí yóò fi máa yí ní ìgbà 5,000. Ẹni tó bá so igi gígùn bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn tààrà, ṣóńṣó rẹ̀ á kọjá mítà 500, á sáré ju ìró lọ, ariwo ni yóò máa pa, fífà rẹ̀ á sì dín kù. Nítorí náà ni ti Volkswagen ṣe kúrú. Ìdí kan náà ni ẹlòmíràn fi ń fi gíà tàbí bẹ́líìtì sáàárín.

Ọkọ̀ onígíà kan wà lópin ìlà, ẹ́ńjìnnì Honda tí omi ń tù lára, tí ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní, kọ̀ǹpútà ló ń wọn bẹntiróò fún un. Ẹni tó ni ín sọ pé ẹ́ńjìnnì náà kò fún òun ní wàhálà rí. Gíà ni. Ẹ́ńjìnnì ń ti kíránkì nígbàkúùgbà tí sílíńdà kan bá yin, kì í yí geere. Pùròpẹ́là wúwo, kò fẹ́ yára, kò fẹ́ dúró. Gíà wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ló ń jẹ gbogbo ìyà náà. Ó fi eyín gíà kan hàn mí tó ti jẹ, ó wé e sínú àkísà. Ó ti pààrọ̀ rẹ̀ fún èyí tó nípọn jù. Ó ń kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀.

Oòrùn ti wà lókè orí nígbà tí a tò fún oúnjẹ. Ìlà náà gùn, kò sì yára. Ẹran ń yí lórí ààrò, èéfín rẹ̀ ń rọ́ wá bá wa, àgbàdo sísè ń yọ nínú ìkòkò ńlá. Àwọn tó wà níwájú mi ń sọ̀rọ̀ owó. Ẹ́ńjìnnì Lycoming tuntun, èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ òfurufú láti ìpilẹ̀, tó ní mágínẹ́tò méjì àti púlọ́ọ̀gì méjì fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ẹgbàárùn-ún dọ́là ni. Ọ̀kan nínú wọn rántí pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, wọn kò rí èyí tó fúyẹ́ tó, Charlie Taylor, mẹkáníìkì ìsọ̀ kẹ̀kẹ́ wọn, ló wá fọwọ́ ṣe èyí tó gbé wọn fò ní 1903. Agbára ẹṣin 12. Ẹlòmíràn ní ẹni tó bá ń ka owó iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ọn á rí i pé ẹ́ńjìnnì mọ́tò kò fi bẹ́ẹ̀ pọ́ọ́kú. Ó ní ti òun gba òun ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún.

Òfin Amẹ́ríkà gbà wọ́n láyè, ṣùgbọ́n kò fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó kan ọkọ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ń kàn án fún ẹ̀kọ́ àti ìgbádùn ara wọn ju ìdajì gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ìjọba yàn á wá yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbéra. Bí ẹ́ńjìnnì àti pùròpẹ́là bá jẹ́ èyí tí ìjọba ti fọwọ́ sí, wákàtí 25 ni wọ́n sábà máa ń ní kó kọ́kọ́ fò láìgbé èrò, ní agbègbè tí wọ́n bá pààlà fún un. Bí ẹ́ńjìnnì mọ́tò bá ni, wákàtí 40. Ìgbìmọ̀ tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, NTSB, yẹ jàǹbá àwọn ọkọ̀ àfọwọ́kàn wò ní 2012. Ohun méjì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: ẹ́ńjìnnì tó kú lókè, àti ọkọ̀ tó bọ́ mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́.

Kí bàbá tó jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n ní kí n ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú ìjókòó. Mo kà á. Ó sọ pé ẹni tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ ló kan ọkọ̀ yìí, pé kò bá òfin ààbò tí ìjọba gbé kalẹ̀ fún ọkọ̀ gbogbogbòò mu. Bàbá dúró títí mo fi kà á tán. Wọ́n béèrè bóyá mo ṣì fẹ́ lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Wíwọ ìjókòó iwájú le. Ọ̀pá dúró lọ́tùn-ún àti lósì, wáyà na sókè sódò, mo ní láti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, kí n tẹ̀ba, kí n fa èkejì tẹ̀ lé e. Wọ́n fún mi ní fìlà aláwọ àti gíláàsì ojú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró níwájú, ó di pùròpẹ́là mú. Ó kígbe bóyá iná ti kú. Bàbá dá a lóhùn pé ó ti kú. Ó yí igi náà lẹ́ẹ̀mejì kí bẹntiróò lè wọlé. Ó tún kígbe, bàbá tan iná, ó fà á wálẹ̀, ó sì sá sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì náà wúkọ́, ó tu èéfín funfun, ó kú. Wọ́n tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì ló gbà.

Kì í ṣe ariwo tí mo rò ni ó pa. Ó ń lù lọ́kọ̀ọ̀kan, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka bó ṣe ń yin. Ooru rédíétọ̀ bo ojú mi, omi gbígbóná àti ìpata ń rùn papọ̀, òróró ń ta tótòtó sára gíláàsì ojú mi. A rọ́ lọ sópin pápá. Bàbá dúró níbẹ̀ títí abẹ́rẹ́ mítà ooru fi dé ibi tí wọ́n fẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tì í síwájú, koríko bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ sẹ́yìn, táyà ń gbọ̀n, ìjókòó ń gbọ̀n, eyín mi ń gbọ̀n, ìrù ọkọ̀ gbé sókè, rédíétọ̀ wálẹ̀ kúrò lójú mi, mo rí ọ̀nà fún ìgbà àkọ́kọ́, gbígbọ̀n náà sì dáwọ́ dúró lójijì. A ti gbéra.

Kò yára gòkè. Orí àgbàdo kọjá lábẹ́ wa, ó súnmọ́ débi pé mo rí ìrùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni oko, abà pupa, màlúù, àti odò Sugar tó rí kọ́lọkọ̀lọ láàárín igi. Nǹkan bí máìlì 70 ní wákàtí kan ni a ń sá. Afẹ́fẹ́ ń fà mí létí. Mo ṣàkíyèsí pé bàbá kò gba orí igbó kọjá nígbà kankan. Orí oko ni wọ́n ń tọ̀, láti oko kan sí òmíràn, wọ́n sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn ti yan ibi tí àwọn máa balẹ̀ sí ní gbogbo ìṣẹ́jú tí a fi wà lókè. Nígbà tí wọ́n dín iná kù láti padà, ìró ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, mo di etí ìjókòó mú. Bàbá nawọ́ kàn mí léjìká. Wáyà ń súfèé, koríko ń bọ̀, a gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a fò díẹ̀, a sì jókòó.

Wọn kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù tán kí wọ́n tó ṣí i. Wọ́n kó ìwé àkọsílẹ̀ jáde lábẹ́ ìjókòó, wọ́n kọ déètì, ìṣẹ́jú tí a fò, ooru omi, ìwọ̀n òróró. Wọ́n fi iná tọ́ọ̀ṣì wo rọ́bà tó gbé omi láti ẹ́ńjìnnì lọ sí rédíétọ̀. Ó ń yọ omi ní etí kílípù, kò ju ẹ̀kán kan lọ, ó ń gbẹ bó ṣe ń yọ. Ọkùnrin méjì dé bá wa. Ọ̀kan ní kí wọ́n fún kílípù náà, ó tó. Èkejì tẹ rọ́bà náà pẹ̀lú àtàǹpàkò, ó ní ó ti rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, pé fífún un kò ní ran an lọ́wọ́. Wọ́n jiyàn. Bàbá gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n sì ní ọkọ̀ náà kò ní gbéra lọ sí Oshkosh láàárọ̀ ọjọ́ kejì àfi tí àwọn bá ti pààrọ̀ rọ́bà òkè àti tìsàlẹ̀. Wọ́n yọ owó fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó yí pùròpẹ́là fún wa, wọ́n ní kó lọ sí ìsọ̀ pààtì mọ́tò ní Janesville kí wọ́n tó tì í: rọ́bà rédíétọ̀ Model A méjì, kílípù mẹ́rin.